Èmi Ni àbí Ìlù Bàbá Mi?

Ọ̀rọ̀ tí Samson fi ránṣẹ́ sórí fóònù Fáìzàh lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kò ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ: “Mo fẹ́ wá kí bàbá yín nílé ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, èmi àti àgbàlagbà kan.” Fáìzàh kà á lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó. Ó tún un kà, ó dìde. Nígbà tó fi máa kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà wo? Kí ni àgbàlagbà ń bá a wá ṣe? Ọkùnrin tó bá mú àgbàlagbà dání wá sílé ọmọbìnrin ní Ìjẹ̀bú-Igbó, gbogbo ayé ló mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n Samson yìí kan náà kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí wọ́n jọ ń sọ láti oṣù mọ́kànlá, ìlù ni. Ìlù àtijọ́, ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya, ìlù tí etí rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ má dá mi lóhùn bí kò bá yé yín, kò yé Fáìzàh náà.

Iṣẹ́ tí ọmọbìnrin yìí ń ṣe nìyẹn. Ó jáde ilé-ìwé gíga ní Ago-Iwoye, kò ríṣẹ́, ó padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Japara, àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlù àwọn olórin àtijọ́ lórí ayélujára. Láyé ọjọ́un, bí ẹgbẹ́ olórin bá tú ká, ẹ̀yìnkùlé ni ìlù wọn ń bọ́ sí. Adìẹ á yé ẹyin sínú ọ̀kan, ìyá arúgbó á kó èlùbọ́ sínú èkejì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oníṣòwò kan á gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Ìbàdàn, á yínmú sí ìlù náà bí ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n lóore, á ju owó táṣẹ́rẹ́ sílẹ̀, á gbé e lọ. Ta ló máa bi í ní iye tó lọ tà á? Ayélujára ti ba ọjà yẹn jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó ní ìlù ní Japara lónìí lè mọ iye tí wọ́n ń ta irú rẹ̀ ní Kánádà kó tó jẹun àárọ̀ tán. Oníṣòwò Ìbàdàn yẹn gan-an ti ń bẹ Fáìzàh pé kó jẹ́ kí òun máa rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàhálà tirẹ̀ náà sì bá a wá. Àwọn kan ń fi ìlù tuntun sínú èéfín kó lè jọ ti àtijọ́. Àwọn tó ní ojúlówó lọ́wọ́, níbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe fún fọ́tò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bà á jẹ́. Bí Fáìzàh ṣe pàdé Samson gan-an nìyẹn. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Ìbíkẹ́, ní Mamu, ní ìlù kékeré kan tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀, ìlù onírin tó ń dán gbinrin. Kí Fáìzàh tó dé láti ya fọ́tò rẹ̀, màmá ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun géètì kùn ún yípo. Ó ní òun fẹ́ kó rẹwà lójú àwọn òyìnbó. Díẹ̀ ló kù kí Fáìzàh sunkún. Ó gbé fọ́tò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó bèèrè ẹni tó lè bọ́ ọ̀dà kúrò lára irin láì ha irin. Ẹnì kan fèsì láti Ibiade: “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan fọ̀ ọ́ o. Mò ń bọ̀.”

Ó sì wá lóòótọ́, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú eruku lórí. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun ń tún ìlù ṣe, òun náà ló ń lu ìlù ní ìjọ Aládúrà tí ìyá òun ti jẹ́ wòlíì. Ó fi àkísà tútù àti èékánná ọwọ́ bọ́ ọ̀dà náà láti ìgbà tí wọ́n kírun Àílà títí tí wọ́n fi kírun Àsárì. Fáìzàh jókòó tì í, ó ń bu omi fún un.

“Ọkọ ẹ rèé?” Ìbíkẹ́ bi Fáìzàh.

Fáìzàh wo Samson. Samson wo ìlù. Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀ wọlé.

Láti ọjọ́ náà, Fáìzàh ń rí ìlù, Samson ń tún un ṣe, Fáìzàh ń tà á. Wọ́n ń pàdé ní Ago-Iwoye ní ṣọ́ọ̀bù Ràhmát, ọ̀rẹ́ Fáìzàh tó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa níbẹ̀. Samson kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ẹja gbígbẹ, èso, nígbà mìíràn búrẹ́dì gbígbóná. Lórí fóònù, wọ́n lè sọ̀rọ̀ títí bátìrì á fi kú. Bí Fáìzàh bá wá jókòó, tó ro gbogbo ohun tí wọ́n sọ, kò ní í rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Awọ ni, irin ni, ìdè ni. Àmọ́ ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ awọ àti irin fún wákàtí méjì bí kò bá ní nǹkan mìíràn nínú?

Ohun tó wá dà á rú pátápátá ni ìlù bàbá rẹ̀. Hàmídù, bàbá rẹ̀, tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ìlù jáàsì kan nínú yàrá ẹ̀yìn, ọ̀wọ́ ìlù tí wọ́n ń jókòó lù, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ àgbà inú wọn. Ó pé pérépéré, aláwọ̀ wúrà, ẹní ni wọ́n fi bò ó. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ kan, Fáìzàh ya fọ́tò rẹ̀ fi ṣe státọ́ọ̀sì rẹ̀ lórí wàsáàpù, ó sì yọ ọ́ kí wákàtí kan tó pé nítorí ìbẹ̀rù bàbá rẹ̀. Samson ti rí i. Ó pè é kíá, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: “Fáìzàh, ta ló ni ìyẹn? Gbogbo ẹ̀ pé! Jọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀ pé?” Kò sígbà kankan tí ohùn rẹ̀ gbọ̀n bẹ́ẹ̀ rí nítorí Fáìzàh. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló wá ní òun fẹ́ wá kí bàbá.

Fáìzàh lè bi í léèrè pé kí lo ń bọ̀ wá ṣe. Ìtìjú kò jẹ́. Ó lọ bá ìyá rẹ̀, Nimotalahi, ó ní ẹnì kan ń bọ̀, òun àti àgbàlagbà.

“Ọmọ ta ni?”

“Ará Ibiade ni. Samson ló ń jẹ́.”

“Samson?” Ìyá gbé ìgbákọ sílẹ̀. “Kìrìsìtẹ́nì?”

“Aládúrà ni, Ìyá mi.”

“A-úsù bílà! Aláṣọ funfun! Mi è gbọ́ o, Fáìzàh! Ọmọ àlùfáà ni mí, bàbá mi kéwú títí ó fi kú, èmi ni kí n wá fọmọ fún ẹni tó ń rìn láìwọ bàtà?” Ó pariwo títí tí bàbá fi jáde. Hàmídù gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò sọ ju pé, “Jẹ́ kí wọ́n wá ná.” Nimotalahi ní òun kò gbà láé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, ó sì ní kí Fáìzàh lọ wọ aṣọ tó dáa.

Samson dé pẹ̀lú Bàbá Akínbọ́lá, àgbà ìjọ wọn, tó wọ aṣọ funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà ní òfìfo lóòótọ́. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ wá. Samson dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Fáìzàh wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Wọ́n jẹun, wọ́n mu omi, wọ́n dúpẹ́. Bàbá Akínbọ́lá wá nu ẹnu.

“Ẹ̀yin onílé, a kí yín o. Ọmọ wa yìí ló rí ìlù kan lójú fóònù, ó ní ilé yín ló wà. A ní ká wá fojú kàn án, bóyá ẹ máa tà á.”

Nimotalahi ní, “Ìlù?”

“Ìlù ni, mà.”

Fáìzàh fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu tìróò tó lé. Nínú ìtìjú yẹn náà ló ti ń gbọ́ tí Bàbá Akínbọ́lá ń bèèrè àwọn ìbéèrè tí kò kan ìlù rárá: ọmọ mélòó ni wọ́n bí, ta ni àgbà, ṣé ara gbogbo wọn le, ibo ni ìyá bàbá ti wá. Hàmídù dáhùn gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó ká ẹní kúrò. Fáìzàh yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó rí Samson tó fọwọ́ kan etí ìlù náà. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

“Ìlù mi kì í ṣe títà,” ni Hàmídù wí. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Nimotalahi tó ti búra pé òun kò ní í fún un lọ́mọ, òun gan-an ni inú bí jù pé kò tọrọ rẹ̀. “Ó fo ọmọ mi dá, ó ń wá igi! Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi tán, ó ní ìlù ni òun wá rà! Kí ni Fáìzàh fi ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ìlù?” Ó ń sọ ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Fáìzàh wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó dí nọ́ńbà Samson lórí fóònù rẹ̀, ó sì dojú bo ìrọ̀rí. Ìfẹ́ Samson ti wọ̀ ọ́ lára kó tó mọ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí Ràhmát tó gbé ẹsẹ̀ dé Japara. Kò tiẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ ni? Ojoojúmọ́ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti rù.”

“Kó lọ wá ìlù níbòmíì.”

“Ta ló sọ ìlù? Ìwádìí ni wọ́n wá ṣe!”

Fáìzàh wò ó.

“Bàbá tó bá a wá yẹn,” Ràhmát ní, “wọ́n ní tiwọn, kí wọ́n tó tọrọ ọmọ, àgbà kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ilé náà, kó wo ìwà wọn, kó bèèrè ìdílé. Ilé náà ò sì gbọ́dọ̀ mọ̀, kí wọ́n má baà ṣojú ayé fún un. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi nǹkan bojú ni. Ọ̀rọ̀ ìlù ló sún mọ́ wọn jù. Samson ní òun rò pé ó yé ọ. Ó ní ta ni kì í ṣe ìwádìí?”

Lóòótọ́, ta ni kì í ṣe é? Àwọn ará ilé Nimotalahi náà ṣe é fún Hàmídù nígbà náà lọ́hùn-ún. Ó yẹ kí inú Fáìzàh dùn. Inú rẹ̀ dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mu ife omi kan, lẹ́yìn náà ni ọkàn rẹ̀ tún dàrú. “Ràhmát, o ò rí ojú ẹ̀ nígbà tó fọwọ́ kan ìlù yẹn. Ẹni tó fi nǹkan bojú kì í sunkún sí nǹkan yẹn.”

“Lọ bi í, kí o jẹ́ kí n gbádùn!”

Wọ́n pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Ràhmát ní Ọjọ́rú. Ràhmát ní òun fẹ́ lọ ra bébà, bébà sì kún inú ṣọ́ọ̀bù náà dé àjà. Samson rù lóòótọ́.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?” Fáìzàh bi í.

“Bàbá Akínbọ́lá ní bí mo bá sọ ọ́, ìwádìí ti bàjẹ́ nìyẹn.”

“Mo jókòó lẹ́yìn kọ́tìnnì, Samson. Mo ti lé tìróò.”

Ó dorí kodò. “Má bínú. Fáìzàh, mo fẹ́ ọ. Láti Mamu ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni, mo wá ń sọ ọ̀rọ̀ ìlù.”

Oṣù mọ́kànlá ni Fáìzàh ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbọ́ ọ tán, kò tó o. “Bí wọ́n bá ní kí o mú ọ̀kan ńkọ́? Èmi, àbí ìlù bàbá mi?”

Bí ó bá ti dáhùn kíá, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Samson dákẹ́. Ó ń rò ó! Ọkùnrin yìí jókòó, ó ń rò ó! Nígbà tó yá, ó ní, “Ìbéèrè yẹn ò dáa.” Fáìzàh mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun máa bínú sí i pé kò purọ́, àbí kí òun máa fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, inú rẹ̀ kò bàjẹ́ tán, kò sì dùn tán. Bàbá rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kan, ó pè é sí ibi tó ti ń ta pákó, ó ní kó jókòó. Fáìzàh sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ìwádìí. Hàmídù rẹ́rìn-ín sí ìwádìí náà. Lẹ́yìn náà ló bi í ní ohun tí Fáìzàh kò retí.

“O ò bi mí rí, ìdí tí mi ò fi ta ìlù yẹn.”

“Ẹ̀rù ń bà mí ni, Bàbá.”

“Èmi ni mò ń lù ú nígbà náà. A lùlù dé Ṣàgámù, dé Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, bàbá rẹ̀ pè mí lọ́tọ̀, ó ní òun ò lè fọmọ fún onílù. Ó ní kí n yan ọ̀kan. Mo yan ìyá rẹ, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àmọ́ mi ò lè ta èkejì.”

“Ṣé Ìyá mi mọ̀?”

“Mo sọ fún un pé ìlù ti sú mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kó máa rò pé òun gba nǹkan lọ́wọ́ mi?” Ó fọwọ́ pa pákó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Gbọ́ mi. Níwọ̀n ìgbà tí ìlù yẹn bá wà nílé, ọkàn rẹ ò ní í balẹ̀. Ìyá rẹ ò sì ní í gbà láé pé kì í ṣe ìlù ni ọmọ yẹn ń wá. Tà á.”

“Bàbá!”

“Tà á, má jẹ́ kí ọmọ Ibiade gbọ́. Bó bá kúrò nílé, ká wá wo ẹni tó máa padà wá.”

Fáìzàh bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì, Hàmídù kò gbà. Fáìzàh kò gbé e sí ojú táyé lórí ẹ̀rọ. Ó fi fọ́tò mẹ́fà ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ sí obìnrin kan ní Àbújá tó ti ra ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, tí kò tíì fojú kàn rí. Kò tó wákàtí kan. Obìnrin náà kò wá wò ó, kò fọwọ́ kàn án, kò gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó san gbogbo owó rẹ̀, ó fi àwòrán àtàńpàkò sí ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó parí. Nǹkan tí bàbá rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, àtàńpàkò ló mú un lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí iṣẹ́ Fáìzàh kó o nírìíra.

Lọ́jọ́ tí awakọ̀ wá gbé e, Fáìzàh sunkún débi pé omijé rẹ̀ dàpọ̀ mọ́ téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ páálí. Hàmídù ti jáde lọ sí ibi pákó láti òwúrọ̀. Nimotalahi gbá yàrá ẹ̀yìn mọ́, ó kó àpò ìrẹsì sínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé àyè ti yọ. Lálẹ́, Fáìzàh ṣí nọ́ńbà Samson, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: “Bí o bá ní ohun tí o fẹ́ bá àwọn òbí mi sọ, wá.” Kò fi nǹkan mìíràn kún un. Ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun. Bí Samson bá wá, tó gbọ́ pé ìlù ti lọ, tó dìde ńkọ́?

Ó wá ní Àbámẹ́ta, òun àti Bàbá Akínbọ́lá. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbé oyin pẹ̀lú ẹja. Fáìzàh tún wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, kò lé tìróò. Kí bàbá náà tó lanu, Hàmídù ní:

“Kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ìlù tí ẹ wá wò lọ́jọ́sí, a ti tà á. Ó ti wà ní Àbújá.”

Gbogbo ojú yí sí Samson. Fáìzàh ti fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìmọ̀. Ó rí i bí ojú ọmọkùnrin náà ṣe bàjẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó tẹ orí ba, omi sì já lójú rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò wọ bàtà.

Nimotalahi pàtẹ́wọ́. “Ẹ rí i! Ẹ wo ojú ẹ̀! Mo sọ ọ́ àbí n ò sọ ọ́? Ìlù náà ni!”

Bàbá Akínbọ́lá fẹ́ sọ̀rọ̀, Samson dá a dúró. “Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè purọ́ pé kò dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Ìlù tó pé bẹ́ẹ̀, mi ò rò pé mo tún máa rí irú ẹ̀.” Ó nu ojú. “Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ohun tó gbé mi wá.”

Kò dìde. Fáìzàh di ara ògiri mú. Ó wá rántí pé òun náà sunkún sórí páálí, àti pé bí Samson bá ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yẹn, òun ì bá kórìíra rẹ̀.

Gbogbo wọn ń retí kí Hàmídù fèsì. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi bojú, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nimotalahi kò rí i kó sunkún rí, kò sunkún nígbà tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ pàápàá.

“Bàbá Fáìzàh! Kí ló dé?”

“Ó dun èmi náà, Nímọ̀.”

“Kí ni? Ìlù náà? Ẹ ní ó ti sú yín! Láti gbogbo ọdún yìí wá!”

“Bàbá rẹ ló ní kí n yan ọ̀kan.”

Ẹnu Nimotalahi ṣí sílẹ̀. “Bàbá mi? Ghan è sọ fún mi.”

“Èmi náà ò sọ fún ọ.”

Nimotalahi wo ọkọ rẹ̀ títí, ó wo ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tí òun fi ọwọ́ ara òun kó ìrẹsì sí. Ó fa ìborùn rẹ̀ síwájú, ó fi etí rẹ̀ nu ojú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo mọ́.

“Ọmọ Ibiade. Sọ ohun tí o bá wá.”

“Fáìzàh ni, mà. Òun ni mo wá tọrọ.”

“Ṣé wàá máa kírun?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Ṣé òun ni kó wá wọ aṣọ funfun?”

“Mi ò mọ ìyẹn náà, mà.”

“Kí lo wá mọ̀?”

Samson wò yí ká bí ẹni pé ìdáhùn náà wà lára ògiri. “Mo mọ̀ pé mi ò ní í ní kó yan ọ̀kan.”

Nimotalahi wo ọkọ rẹ̀, tó ṣì fi fìlà bojú. Ara Fáìzàh kò gbà á mọ́. Ó jáde látẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó dúró láàárín àwọn àgbà, níbi tí kò yẹ kí ọmọbìnrin tí wọ́n ń tọrọ dúró sí.

“Mo gbà,” ó ní.

“Ta ló bi ọ́?” ni ìyá rẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n ó ti ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Fáìzàh lè rí àyè jókòó tì í.